Lẹ́tà Mẹ́tàlélọ́gọ́ta àti Ẹyọ Kan

"Mi ò ní fi òǹtẹ̀ lu ìwé ẹ̀rí yìí! Sun ún níná, kó o fi eérú ẹ̀ po tíì fún mi mu, mi ò ní lù ú!"

Alága Hoshimjon ló ń ké bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tábìlì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, nítorí ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ àdúgbò Bodomzor ń gbé, nínú àpò awọ kékeré kan, tọ̀sán tòru. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún gbogbo obìnrin àdúgbò pé ṣe ló ń sùn lé e lórí bí adìyẹ tó sàba.

"Ẹ má lù ú o," ni Sabohat fèsì. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, bírò wà lọ́wọ́ kejì. "Ẹ ṣáà sọ ibi tí irọ́ wà nínú ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ nàka sí."

"Gbogbo ẹ̀ ni!"

"Ẹ ò tíì kà á."

"Ṣé o ò kà á sí mi létí ni?"

"Mo kà á. Ẹ wá gbọ́ irọ́ níbẹ̀?"

Alága wo Bàbá Sotiboldi bóyá yóò gbà á sílẹ̀. Bàbá Sotiboldi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ó kàn ń wá jókòó ní ọ́fíìsì àdúgbò láràárọ̀ nítorí pé tíì ibẹ̀ gbóná, wọn kì í sì í gbowó rẹ̀. Bàbá sọ ṣúgà kan sẹ́nu. Ẹni tí ṣúgà wà lẹ́nu ẹ̀ kì í dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Ìlà tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ kò gùn. Ohun tó sọ ni pé: "Láti ọdún mọ́kànlá, Sabohat ló ń kọ gbogbo ìwé tó ń jáde ní ọ́fíìsì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbálẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Bodomzor pé òótọ́ ni. Adìyẹ inú àgbàlá Alága pàápàá mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá iṣẹ́ ní ìlú Margilan, tí wọ́n ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ìwà wá ní àdúgbò rẹ̀, kì í lọ bá Alága. Ọ̀dọ̀ Sabohat ló ń lọ. Á mu tíì abọ́ kan, á ro ayé ara rẹ̀, Sabohat á kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e dé iwájú Alága. Alága kì í kà á, ó ní awò ojú òun wà nílé. Awò ojú ọ̀hún ti wà nílé láti ọdún mọ́kànlá. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á bi ẹni tó ni ìwé pé, "Ó dáa?" onítọ̀hún á ní, "Ó dáa." Alága á yọ òǹtẹ̀, á mí sí i lẹ́ẹ̀mejì, hàà, hàà, tòun ti òórùn àlùbọ́sà, á sì lù ú. Ó tán.

Ṣùgbọ́n lórí ìwé ìjọba, Zebo, ìyàwó ọmọ Alága, ni akọ̀wé àdúgbò. Zebo kò mọ apá ibi tí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kọjú sí. Láti ọdún mẹ́ta ló ti wà ní Moscow. Owó akọ̀wé ń wọ ilé Alága, owó agbálẹ̀ ń wọ ilé Sabohat, ilẹ̀ ń mọ́, ìwé ń jáde, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ọkọ Sabohat ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tó gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí òjò ń pa kì í ṣa òrùlé.

Ohun tó wá yí padà ni pé ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tuntun tó wà lẹ́bàá ojú irin ń wá akọ̀wé tí yóò máa tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ẹni náà gbọ́dọ̀ ti fi ọdún márùn-ún ṣe iṣẹ́ ìwé, kò sì gbọ́dọ̀ tíì pé àádọ́ta ọdún. Sabohat máa pé àádọ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n bèèrè: lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ẹ̀rí tí òǹtẹ̀ àdúgbò wà lára rẹ̀, àti orúkọ ẹni méjì tó lè jẹ́rìí síni tí kì í sì í ṣe ìbátan ẹni. Ti ẹlẹ́rìí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní Bodomzor, bí èèyàn kò bá bá ọ tan nípa ìyá, á bá ọ tan nípa ìgbéyàwó. Nígbà tó wádìí yíká, ẹni méjì péré ló ṣẹ́ kù tí kò bá a tan rárá: Alága àti Bàbá Sotiboldi. Orúkọ àwọn méjèèjì ló kọ sílẹ̀. Wọ́n ní kó dé lọ́jọ́ náà gan-an ní aago mẹ́ta.

"Yọ ìlà yẹn," ni Alága wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. "Yọ ọ́, mà á lù ú báyìí báyìí. Mà á lù ú lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ."

"Ìlà yẹn ni lẹ́tà. Ìyókù, ìkíni ni."

"Tí wọ́n bá wá bi mí pé akọ̀wé mi dà ńkọ́?"

"Ẹ ní ó wà ní Moscow, ó ń ta ìbọ̀sẹ̀."

"Ìyàwó ọmọ mi lò ń bú yẹn!"

"Mi ò bú u o. Mo fẹ́ràn Zebo gan-an. Òun nìkan ni akọ̀wé tí mo mọ̀ tí kò ba ìwé kankan jẹ́ rí."

Ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ há Bàbá Sotiboldi lọ́fun. Ó wú ikọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ikọ́ nìkan ni.

Alága dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata gbígbẹ. "Ìwọ Sabohat, ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún lọ́wọ́ ni? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń kọ lẹ́tà!"

"Sí ta ni?"

"Sí... sáwọn èèyàn!"

"Wọ́n fèsì?"

"Bọ́ síta! Èmi fúnra mi ni mà á kọ ìwé ẹ̀rí ẹ. Mà á kọ ọ́ bí alága ṣe ń kọ ọ́. Lónìí ni wàá mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo gbé ọ́fíìsì yìí dúró."

Sabohat gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ká lẹ́tà tirẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í bọ inú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ jókòó lábẹ́ igi tó wà nínú àgbàlá. Láti ibẹ̀, ó ń rí Alága láti ojú fèrèsé. Ó rí i tó jókòó. Ó rí i tó wo bébà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ariwo dúrọ́ọ̀, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Inú ẹ̀kẹta ni Sabohat ń kó ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tó ti kọ rí sí.

"Ó ti rí nǹkan dàwòkọ," Sabohat sọ fún ara rẹ̀.

Kò bínú nítorí ìyẹn. Ohun tó ń jà á láyà ni wákàtí. Aago kan kọjá. Aago méjì kù díẹ̀. Nínú ilé, Alága ti yọ ahọ́n síta, ó ń kọ̀wé bí ẹni tó ń fa kẹ̀kẹ́ gun òkè. Bàbá Sotiboldi ń bù tíì fún ara rẹ̀. Sabohat ro ó pé bí òun kò bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́ta, ó parí. Bí òun bá sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó pe òun ní agbálẹ̀, ìyẹn náà parí. Zebo ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wálé bí wọ́n bá ti kórè òwú tán. Yóò wá jókòó sórí àga akọ̀wé, Sabohat á sì máa gbálẹ̀ yí i ká.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù, Alága jáde. Ó ti wọ agbádá òwú rẹ̀ aláràbarà tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì. Àpò lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi itọ́ lẹ ẹnu rẹ̀ pa.

"Ẹ jẹ́ n kà á," Sabohat wí.

"Ìwé ìjọba ni."

"Ẹ gbé e wá kí n máa lọ."

"Èmi fúnra mi ni mà á mú un dé ibẹ̀," ni Alága dáhùn. "Ẹnu ẹ gùn jù. Wàá dé ọ̀hún, wàá máa ṣàlàyé."

Báyìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wọ ọkọ̀ kékeré funfun Alága. Bàbá Sotiboldi jókòó síwájú nítorí àgbà ni, ẹlẹ́rìí sì ni pẹ̀lú. Sabohat jókòó sẹ́yìn láàárín àpò ọ̀dùnkún méjì. Kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Alága ń wo dígí wò ó lemọ́lemọ́, ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń bà á ju ariwo lọ.

"Bàbá," ni Alága sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ dé, "tí wọ́n bá bi yín léèrè, kí lẹ máa wí?"

"Kí lo fẹ́ kí n wí?"

"Pé ó ń gbálẹ̀."

"Ó ń gbálẹ̀ lóòótọ́," Bàbá Sotiboldi gbà. "Àná, ó gbá ẹsẹ̀ mi mọ́ ọn."

Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ń jẹ́ Munojat. Kò tíì pé ogójì ọdún, awò ojú rẹ̀ nípọn, tíì iwájú rẹ̀ sì ti tutù. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í fajú ro. Ó tò wọ́n sórí àga mẹ́ta, ó sì mú lẹ́tà ìwáṣẹ́ Sabohat, tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó kà á sókè.

"'Mo máa ń pariwo. N kì í sọ ìwé nù. Mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí ni mo máa kọ́kọ́ kọ fún ara mi, nítorí náà ẹ má bínú bó bá kúrú.'" Ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà yín sọ pé ẹ ti pẹ́ nídìí ìwé. Ìwé iṣẹ́ yín sì sọ pé agbálẹ̀ ni yín. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Sabohat la ẹnu. Alága ti ṣáájú rẹ̀.

"Ìwé iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Ìwé kì í purọ́. Agbálẹ̀ dáadáa ni. Igun ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀ tó ń fẹ́ gbígbá, ẹ gbà á." Ó na àpò lẹ́tà sí i. "Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Èmi alága ni mo kọ ọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Bàbá Sotiboldi wí.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀?"

Alága wú ikọ́.

"Ó ń se tíì," ni Bàbá Sotiboldi wí, ó sì bojú wolẹ̀.

Munojat fi ọ̀bẹ kékeré ya àpò náà. Ó kà á jáde, ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀.

"'Sabohat jẹ́ agbálẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ó sin ìjọba fún ọdún méjì láàárín àwọn ọmọ ogun tó ń wa ọkọ̀ ogun, ó sì padà wálé láyọ̀.'" Ó wo Sabohat. Ó tún padà sínú ìwé. "'Ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin. Kì í nà wọ́n.'"

Sabohat ń wo àjà.

"'Iná wẹ́dà kì í bà á lẹ́rù. Irunmú rẹ̀ jóná lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí.'"

Bàbá Sotiboldi yí ojú sí Sabohat, ó wo abẹ́ imú rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti hù padà.

"Ọ̀rọ̀... ọ̀rọ̀ alága ni," ni Alága wí. "Báyìí la ṣe ń kọ ọ́."

"Irunmú yìí," ni Munojat wí, "mo ti pàdé ẹ̀ rí."

Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fa fáìlì kan tó sanra jáde. Ó fi ìka ṣí i. Láàárín ìṣẹ́jú kan ló ti rí i. "Hamroqul, wẹ́dà. Ọdún tó kọjá la gbà á. Òun náà, irunmú rẹ̀ jóná, kò sì gbé irin sílẹ̀." Ó ń wo fáìlì náà. "Bodomzor ni gbogbo èyí. Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Àwọn àdúgbò yòókù, gbogbo èèyàn wọn ni kì í mutí, gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ fágbà, n kì í kà wọ́n mọ́. Ti Bodomzor ni mo máa ń kà tán." Ó fa ọ̀kan yọ. "Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù nìyí. 'Ó ń tiro, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé.' Ìlà yìí ni mo rí tí mo fi gbà á. Láti ọdún méjì ni mo ti fẹ́ mọ ẹni tó ń kọ ìwọ̀nyí."

Alága Hoshimjon ta ara jí. Ohun tó gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìyìn. Ìyìn a sì máa pa èèyàn bí ọtí.

"Èmi ni!" ó wí, ó gbá àyà. "Gbogbo ẹ̀, ọmọ mi. Ọdún mọ́kànlá. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ ti òní?"

"Ọ̀sán yìí gan-an! Bàbá wà níbẹ̀. Bàbá, ta ló kọ ọ́?"

"Ìwọ ni," ni Bàbá Sotiboldi wí. "Mo rí ọ. Òógùn bò ọ́."

Munojat gbé lẹ́tà ọ̀sán náà sí ẹ̀gbẹ́ ti Hamroqul. Nínú ti Hamroqul, ìlà gún bí òwú lórí òfì. Nínú ti ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ń gun òkè, ó ń bọ́ sí kòtò, bí àgùntàn tí ajá lé. Ó yí méjèèjì sọ́dọ̀ Alága, ó sì fi ìka kan sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ yín ló kọ èyí," ni Munojat wí. "Ta ló wá kọ èyí?"

Alága wò ó. Ó na ọwọ́ sí àyà bí ẹni tó ń wá awò ojú tó wà nílé.

"Akọ̀wé wa," ó wí níkẹyìn. "Lábẹ́ àṣẹ mi, Ìyáàfin."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Zebo."

"Mo lè rí i?"

"Ó rìnrìn àjò díẹ̀."

"Ọdún mẹ́ta," ni Bàbá Sotiboldi wí. Kò sẹ́ni tó bi í.

Munojat ṣí lẹ́tà tó wà lókè pátápátá nínú fáìlì. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n kọ èyí." Ó pa fáìlì dé, ó sì tì í díẹ̀díẹ̀ sí iwájú Alága. "Lẹ́tà tí n kò mọ ẹni tó kọ ọ́, n kò lè fi í gba èèyàn síṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n kó gbogbo rẹ̀ padà fún yín, pẹ̀lú àwọn tó ni ín. Gbogbo wọn á ti dé ẹnu ọ̀nà yín kí oòrùn tó wọ̀. Ti ọmọ yín ló wà ní nọ́ńbà ogún."

Ọ̀gbẹ́ni Hoshimjon wo fáìlì náà bí ẹni tó rí èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó dúró nínú àgbàlá rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. "Ọ̀gá," ó wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá."

"Ẹ sọ orúkọ."

Sabohat sún mọ́ tábìlì. Ó ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó yọ bébà tó ká sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Alága, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ na gbogbo ibi tó ká. Ó fi ìka han Munojat ní ìlà kan ṣoṣo. Munojat kà á. Ó mi orí sí Alága pé kó lù ú.

Alága fọwọ́ ta àpò agbádá rẹ̀, apá ọ̀tún, apá òsì. "Òǹtẹ̀ ńkọ́? Mo gbàgbé ẹ̀ sílé. Ẹ jẹ́ á fi í di ọ̀la."

"Ó wà ní bẹ́líìtì ẹ," ni Bàbá Sotiboldi wí, "níbi tó máa ń wà."

Alága tú okùn àpò awọ náà. Ó tú u lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tú. Ó yọ òǹtẹ̀. Ó gbé e dé ẹnu, ó mí sí i lẹ́ẹ̀kan, hàà, èémí rẹ̀ tán lórí ìkejì.

Sabohat fi ìka méjì tún bébà náà ṣe kó má baà wọ́, bó ṣe máa ń bá a ṣe lójoojúmọ́, Alága sì lù ú.

Gbà!